Ǹjẹ́ Oúnjẹ Ìgbà Èwe Wa Dùn Tó Bí A Ti Ń Sọ Ọ́?



Lẹ́yìn kéú ọjọ́ Àìkú kan ni òjò dá wa dúró sí abẹ́ òrùlé iwájú mọ́ṣáláṣí. Kò sí ẹni tí ó lè lọ sílé, ebi sì ti ń pa gbogbo wa, ni ọ̀rọ̀ bá di ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Olúkúlùkù bẹ̀rẹ̀ sí sọ èyí tí ó fẹ́ràn jù nínú oúnjẹ tí wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà. Arákùnrin kan tí ó ti Èmùré wá ní iṣu sísun àti epo pupa ni ti òun, iṣu tí wọ́n wa lóko tí wọ́n sì dáná sun lójú kan náà, tí ènìyàn á fi ọ̀bẹ ha ara rẹ̀ tí ó jó. Arábìnrin kan láti Ìsẹ̀ ní èkuru funfun àti ata díndín ni kò jẹ́ kí òun gbàgbé ìyá àgbà òun. Ẹlòmíràn ní kókò sísè àti iyọ̀. Èmi náà dá tèmi sí i: iyán àná tí a yan lórí ẹ̀yinná, tí a fi epo ra lára, tí à ń jẹ kí a tó lọ sí ilé-ìwé. Itọ́ ń dà lẹ́nu gbogbo wa. Ká tó wí, ká tó fọ̀, a ti fẹnu kò pé oúnjẹ ayé ìsinsìnyí kò dùn mọ́, àti pé ayé àtijọ́ ló dára.

Arábìnrin kan wà lẹ́yìn tí kò tíì sọ nǹkan kan. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Ó ní, “Ústáàsì, ẹ jọ̀ọ́, bí oúnjẹ náà bá dùn tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí gbogbo wa fi sá kúrò nídìí rẹ̀? Àti pé, ṣé ó dùn lẹ́nu àwọn ìyá wa tí wọ́n ń sè é?”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Òjò dá, a túká. Àmọ́ n kò rí èsì kan fún un lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ náà kò sì kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà náà. Ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ níbí ni ibi tí mo bá ìrònú mi dé.

Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n bí mi sí, ìlú tí òkè Olósùnta ń bojú wolẹ̀ wò. Abẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni a wà nígbà náà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1996. Ẹni tí ó bá dàgbà sí ọ̀dọ̀ wa kò nílò aago ní ìrọ̀lẹ́. Bí oòrùn bá ti ń rẹlẹ̀, odó á bẹ̀rẹ̀ sí dún láti ilé dé ilé, ẹni tí etí rẹ̀ mú á sì mọ odó ilé lágbájá yàtọ̀ sí ti ilé làkásègbè. Ilé tí ọmọ odó méjì bá ń dún léraléra, àlejò wà níbẹ̀. Ilé tí odó rẹ̀ kò bá dún, àdúgbò mọ̀. Kò sí ẹni tí yóò sọ ọ́ jáde, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀.

Àwọn ìgbà kan wà lọ́dún tí odó tiwa kì í dún. Bí iṣu àtijọ́ bá ti tán, tí iṣu titun kò sì tíì tó wà, kókò ni à ń sè, tàbí kí á tẹ ẹ̀bà. Ọbẹ̀ á wá di ohunkóhun tí ọwọ́ bá bà lẹ́bàá oko: gbúre, ọ̀dú, ebòlò tí òórùn rẹ̀ máa ń lé àbúrò mi sá, tàbí olú tí ó hù nídìí ọ̀pẹ lẹ́yìn òjò. Ọmọ mẹ́fà ni à ń jẹ nínú àwo kan. Òfin àwo náà kò ju mẹ́ta lọ: iwájú rẹ ni kí o ti bù, má fọwọ́ kan ẹja títí òkèlè yóò fi tán, ẹni tí ó dàgbà jù ni yóò kọ́kọ́ dìde. Òfin kẹta yìí ni ó le jù, nítorí pé ẹ̀gbọ́n wa àgbà á dìde nígbà tí oúnjẹ ṣì kù, ojú rẹ̀ á sì máa wo ẹ̀yìn. Bí a bá bèèrè lọ́wọ́ ìyá wa pé àwọn ńkọ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń sọ: “Ẹ máa jẹ tiyín. Ebi ò pa mí. Mo ti jẹ ẹ̀kọ lọ́jà.”

Ní òru ọjọ́ kan, mo dìde láti lọ tọ̀. Mo rí iná àtùpà ní ilé ìdáná. Mo yọjú. Ìyá mi jókòó ti odó, wọ́n ń fi ọwọ́ họ iyán tí ó lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, wọ́n ń fi í nu ìdí ìkòkò ọbẹ̀, wọ́n sì ń jẹ ẹ́. N kò sọ̀rọ̀. Mo padà sórí ẹní mi pẹ̀lú ìbínú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n mi pé Màámi máa ń jẹun ní ìkọ̀kọ̀ bí a bá ti sùn. Ọ̀rọ̀ náà dé etí wọn. Wọn kò nà mí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ó dáa. Ní alẹ́ òní, ìwọ ni kí o họ odó.” Mo họ ọ́ tayọ̀tayọ̀. Ohun tí mo kó jọ kò kún àtẹ́lẹwọ́ mi, àtẹ́lẹwọ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Síbẹ̀ náà, n kò ronú kan nǹkan kan. Mo jẹ ẹ́, mo lọ sùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èkejì, nítorí òun ni ó tì mí lójú jù. Lẹ́yìn tí mo ti lọ kọ́ kéú ní Ìlọrin, mo wọ yunifásítì. Ní ọdún kejì mi níbẹ̀, ìyá mi fi ọ̀jọ̀jọ̀ ránṣẹ́ sí mi nínú ike onídèérí. Ẹ mọ̀ pé ewùrà kò ṣe é gún bí iṣu funfun, ìdí nìyí tí a fi ń rin ín, tí a ń po ata àti àlùbọ́sà mọ́ ọn, tí a sì ń dín in. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, ó sì máa ń họ ènìyàn lára. Àwọn tí a jọ wà nínú yàrá, ọmọ ìlú ńlá ni wọ́n, búrẹ́dì àti tíì ni wọ́n ń jẹ lọ́wọ́ nígbà tí ike náà dé. Wọ́n bèèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Mo ní aṣọ ni. Mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ní ọjọ́ kẹta, ó ti hu èébú. Mo dúró di òru kí n tó lọ dà á nù. Èmi tí mo ti ka hádíìsì tí ó sọ fún wa pé Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kì í bu ẹnu àtẹ́ lu oúnjẹ kankan rí, pé bí ó bá wù ú, á jẹ ẹ́, bí kò bá wù ú, á fi í sílẹ̀. Mo mọ hádíìsì náà lórí, mo mọ orúkọ ẹni tí ó gbà á wá.

Ẹ wá wò ó. Ọmọ kan náà tí ó tì ọ̀jọ̀jọ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ó dàgbà tí ó ń jókòó níwájú mọ́ṣáláṣí, tí ó ń yin iyán àná. Ní ìgbà àkọ́kọ́ mo kẹ́gàn oúnjẹ náà, ní ìgbà kejì mo gbé e gẹ̀gẹ̀. Mo rò pé mo ti yí padà, àfi ìgbà tí ọmọdébìnrin yẹn bèèrè ìbéèrè rẹ̀ ni mo tó rí i pé ọ̀kan náà ni méjèèjì. Nínú méjèèjì, oúnjẹ nìkan ni mo rí. N kò rí ọwọ́ tí ó rin ewùrà, bẹ́ẹ̀ ni n kò rí ẹni tí ó jókòó ti odó lóru.

Ó ṣe é ṣe kí ẹnì kan sọ pé mo ń fa ọ̀rọ̀ gùn, pé oúnjẹ àtijọ́ dùn lóòótọ́, nítorí ajílẹ̀ òyìnbó kò tíì ba iṣu jẹ́, ẹ̀rọ kò sì tíì gba iṣẹ́ ọmọ odó. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní apá kan. N kì í ṣe àgbẹ̀, n kò ní bá àgbẹ̀ jiyàn. Ṣùgbọ́n mo dán an wò. Mo ra iṣu dáadáa ní ọjà Ìkẹ́rẹ́, ìyàwó mi gún un, a fi díẹ̀ sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, mo kó èédú, mo yan án, mo fi epo ra á. Àwọn ọmọ mi bù ú jẹ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n bèèrè Indomie. Èmi jẹ tèmi tán nítorí ojú tì mí láti fi í sílẹ̀. Kò burú. Eérú wà lára rẹ̀, epo sì wà níbẹ̀. Ohun tí mo ti ń yìn fún ogún ọdún kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ni ó wá dùn nígbà náà? Mo rò pé ohun méjì ni. Èkíní ni ọwọ́ púpọ̀ nínú àwo kan. Àwọn sàhàábà kan ṣe àròyé fún Ànábì pé àwọn ń jẹun ṣùgbọ́n àwọn kì í yó. Ó bi wọ́n bóyá ńṣe ni wọ́n ń jẹ ẹ́ ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì ní kí wọ́n kó ara wọn jọ sídìí oúnjẹ wọn, kí wọ́n dárúkọ Ọlọ́hun sí i, pé àlùbáríkà yóò wọ̀ ọ́. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gbé nínú ilé kéú mọ̀ pé òótọ́ ni èyí. Èkejì ni ebi. Ebi ni iyọ̀ tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ oúnjẹ tí a ń yìn. Ọmọ tí ó ti oko dé, tí ó ti ru igi wálé, kókò sísè á dùn lẹ́nu rẹ̀ ju ẹran àsè lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Bí ebi bá jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí ó mú oúnjẹ dùn, ṣé kí á máa yin ebi ni?

Mo ti gbọ́ ọ nínú wáàsí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Aláwàásí á ní àwọn òbí wa jẹ gbúre wọ́n sì dúpẹ́, àwọn ọ̀dọ́ òde òní ni kò ní ìtẹ́lọ́rùn. Ní ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ kéde ọ̀rọ̀ oúnjẹ ní ọ̀rọ̀ pàjáwìrì. Nígbà tí ó fi di oṣù kẹfà ọdún 2024, ìṣirò ìjọba fi hàn pé iye owó oúnjẹ ti fi ohun tí ó lé ní 40 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju bí ó ti rí ní ọdún kan ṣáájú. Láàrin irú àkókò bẹ́ẹ̀, kí ẹni tí ó ti yó máa sọ fún ẹni tí kò jẹun pé oúnjẹ òtòṣì dùn, mo ka èyí sí ìwà ìkà tí a fi ìbòrí ẹ̀sìn bò. Àwọn àgbà wa kò sọ irú rẹ̀. Wọ́n ní iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ. Àìrí rárá! Wọn kò fi ojú ẹ̀tàn wo ẹ̀kọ. Wọ́n tún ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ànábì wa, tí ó máa ń so òkúta mọ́ inú nítorí ebi, ó ń tọrọ ìṣọ́ Ọlọ́hun kúrò lọ́wọ́ ebi, ó sì pè é ní alábàásùn burúkú. Ẹni tí ó bá ti fi ebi sùn rí mọ ìdí tí ó fi pè é bẹ́ẹ̀. Ààwẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tí ó gba ààwẹ̀ ni ó yàn án fúnra rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ìṣínu ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Nínú ọdún 2024 yẹn kan náà ni ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé mi. Owó oṣù olùkọ́ kéú, ẹ mọ bí ó ti rí. Ìyàwó mi gbé ẹ̀bà àti ẹ̀fọ́ síwájú èmi àti àwọn ọmọ, ó sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń ká aṣọ. Àbúrò nínú wọn bi í pé kí ló dé tí kò jẹun. Ó ní, “Ẹ máa jẹ, ebi ò pa mí.” Mo ti gbé òkèlè dé ẹnu kí n tó gbọ́ ohun tí ó sọ. Ọwọ́ mi dúró. Kì í ṣe ohùn ìyàwó mi ni mo gbọ́, ohùn ìyá mi ni. Ọ̀rọ̀ odó tí mo ti gbàgbé láti ọdún 1996 padà wá bá mi níbẹ̀, ní ìdí àwo, mo sì mọ ohun tí mo fi ẹnu mi sọ nípa ìyá mi ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Ìtẹ́lọ́rùn dára, n kò ní kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo lè ní ìtẹ́lọ́rùn sí ni ìpín tèmi. N kò lè bá ìyàwó mi ní ìtẹ́lọ́rùn sí ìpín tirẹ̀. Bí mo bá fi ẹnu mi sọ pé díẹ̀ tó wa, ó yẹ kí n mọ ẹni tí ó jẹ díẹ̀ nínú wa.

Ẹ rántí ìtàn ará Mẹ̀dínà kan, nínú àwọn Ansọ́ọ̀rù, tí ó gba àlejò lálẹ́, tí kò sì sí nǹkan nílé ju oúnjẹ àwọn ọmọ lọ. Ó ní kí ìyàwó òun rẹ àwọn ọmọ sùn, kí ó pa fìtílà, kí àwọn méjèèjì sì máa ṣe bí ẹni ń jẹun nínú òkùnkùn, kí àlejò lè yó. A máa ń sọ ìtàn náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun tí ó wà nínú súrà kọkàndínlọ́gọ́ta, níbi tí Ó ti yin àwọn tí ń fi ẹlòmíràn ṣáájú ara wọn bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn náà wà nínú àìní. Nígbà tí mo wà ní ọmọ kéú, àwọn ọmọ yẹn ni mo máa ń rò. Ta ni ó bi wọ́n léèrè kí wọ́n tó fi oúnjẹ wọn ṣe àlejò? Ó pẹ́ kí n tó rí i pé Imáámù Nawawi ti kan ojú ibẹ̀ nínú àlàyé tí ó ṣe lórí hádíìsì náà. Ó ní ebi gidi kò pa àwọn ọmọ náà, pé ìfẹ́ oúnjẹ tí ọmọdé máa ń ní ni. Nítorí bí ó bá jẹ́ pé ebi tí ó lè ṣe wọ́n ní jàǹbá ni, ọ̀ranyàn ni kí wọ́n kọ́kọ́ bọ́ wọn, àlejò á dúró. Ní ti ọkọ àti aya, àwọn fúnra wọn ni wọ́n yọ̀ǹda ìpín wọn. Wò ó bí ó ti là á! Ẹ̀tọ́ ara ẹni ni ènìyàn lè fi tọrẹ. Nínú ìtàn náà, ọkọ pẹ̀lú ni ó jókòó nínú òkùnkùn láìjẹun. Kì í ṣe pé ó yó tán kí ó tó yin sùúrù ìyàwó rẹ̀.

Ẹlòmíràn tí mo tún fẹ́ kí á gbọ́ ni Nana Aisha, nítorí òun náà sọ ìrántí oúnjẹ tirẹ̀. Ó sọ fún Urwah, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pé àwọn máa ń rí oṣù titun mẹ́ta láàrin oṣù méjì láìdá iná nínú àwọn ilé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun. Urwah bèèrè pé kí ni ó wá ń mú ẹ̀mí wọn ró. Ó ní dàbínù àti omi ni. Kò sọ pé dàbínù ìgbà náà dùn ju ti ìsinsìnyí lọ. Ohun tí ó fi kún un ni pé àwọn aládùúgbò wà, nínú àwọn Ansọ́ọ̀rù, tí wọ́n ní ẹran tí wọ́n ń fún wàrà rẹ̀, wọ́n sì máa ń fi wàrà náà ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá, ó ṣì rántí àwọn tí ó gbé wàrà wá.

Mo fẹ́ bá àwa ọkùnrin inú ẹgbẹ́ yìí sọ̀rọ̀ díẹ̀, kí ẹ má bínú. Ní ìṣínu Ramadan tí a máa ń ṣe papọ̀, láti ọ̀sán ni àwọn arábìnrin wa ti máa ń wà nídìí iná pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu wọn. Bí wọ́n bá ti pe ìrun, àwa ti jókòó sórí ẹní, a ti na ọwọ́ sí dàbínù. Àwọn ń fi èékánná dàbínù kan ṣínu ní ìdúró, pẹ̀lú ìgbákọ lọ́wọ́, wọ́n ń bù fún wa. Nígbà tí ó bá kan ìpín tiwọn, ìsàlẹ̀ ìkòkò ni. Àwa á wá dìde, a ó ní oúnjẹ òní dùn o, Ọlọ́hun á san wọ́n lẹ́san. Mo ti sọ irú àdúà bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ní ọdún tí ó kọjá mo dábàá pé kí á kọ́kọ́ bu ti àwọn tí ó sè é sọ́tọ̀ kí á tó bu fún ẹnikẹ́ni, kí àwọn arákùnrin sì máa pín in. Àwọn kan gbà, àwọn kan ní mo ń kó àṣà òyìnbó wọ inú ẹgbẹ́. N kò tíì mọ ibi tí òyìnbó ti wọ ọ̀rọ̀ náà.

Ní oṣù tí ó kọjá, mo lọ kí ìyá mi nílé. Wọ́n ti dàgbà, ẹ̀yìn ń dùn wọ́n, wọn kì í gún iyán mọ́. Mo bẹ̀ wọ́n nítorí ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa wọn nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Wọn kò rántí. Ó ní láti jẹ́ pé wọ́n ti gbọ́ èyí tí ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu ọmọ mẹ́fà. Mo wá bi wọ́n ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò bi wọ́n rí. Mo ní, “Màámi, oúnjẹ wo ni ó dùn mọ́ ẹ̀yin jù nínú gbogbo oúnjẹ ìgbà yẹn?”

Wọn kò tilẹ̀ ronú. Wọ́n ní, “Iyán gbígbóná tí ẹlòmíràn gún.”

Mo bọ́ jàlàmíà mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí wá ọmọ odó. Ó ti pẹ́ tí mo ti gún iyán gbẹ̀yìn, òógùn bò mí, àwọn ọmọ àdúgbò sì wá ń wo Àáfà tí ń gúnyán. Ìyá mi ní kókó pọ̀ nínú rẹ̀ jù. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n sì ní kí n bu díẹ̀ sí i.